Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Fi Internet Explorer 6 Sílẹ̀

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ni ni pé ohun èlò tí ó bá òní mu lè má bá ọ̀la mu. Ẹni tí ó bá gbọ́n a máa yẹ tirẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Ìtàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ètò yìí jẹ́ ti ohun èlò kan tí àwọn tí ó ṣe é kò gbé ẹ̀dà tuntun rẹ̀ jáde fún ọdún márùn-ún gbáko, tí àìmọye ènìyàn sì ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀, títí ó fi di ẹrù sí báńkì, ilé iṣẹ́ àti ìjọba lọ́rùn. Orúkọ ohun èlò náà ni Internet Explorer 6.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé tọmọdé tàgbà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí bùráúsà jẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ilé ìkàwé ńlá kan tí ìwé inú rẹ̀ fọ́n káàkiri ayé. Bùráúsà ni ohun èlò inú kọ̀ǹpútà tí ó ń lọ mú ojú-ewé tí ènìyàn bá béèrè wá, tí ó sì ń tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ kí ó lè kà á. Èdè kan wà tí a fi ń kọ àwọn ojú-ewé wọ̀nyí, èdè náà sì ní gírámà tirẹ̀. Bùráúsà ni ògbufọ̀ tí ó ń túmọ̀ rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ tú, ohun tí òǹkàwé yóò rí yóò yàtọ̀ sí ohun tí òǹkọ̀wé kọ. Orí ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ yìí gan-an ni ìtàn náà dá lé.

Bí Ìjà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ṣe bùráúsà, ní ìparí ọdún 1990, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó wà nítòsí ìlú Geneva. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lo iṣẹ́ náà láìsan kọ́bọ̀. Ní ọdún yìí kan náà ni Marc Andreessen àti Eric Bina, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, gbé Mosaic jáde, bùráúsà tí ó ń fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ hàn pọ̀ lójú ewé kan náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ti kúrò ní ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan. Andreessen àti Jim Clark dá ilé iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Netscape sílẹ̀ ní 1994. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, bùráúsà wọn, Navigator, ti dé ọwọ́ aráyé.

Microsoft, ilé iṣẹ́ Bill Gates, kò tètè fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1995 ni Gates kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá abẹ́ rẹ̀ pé ìgbì ńlá kan ń bọ̀, kí wọ́n múra sílẹ̀ dè é. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Internet Explorer àkọ́kọ́ jáde. Iṣẹ́ Mosaic, tí wọ́n gba àṣẹ rẹ̀ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ Spyglass, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó fún Microsoft lágbára ju ẹlòmíràn lọ ni pé òun ni ó ni Windows, ètò tí ó ń darí èyí tí ó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tí ó wà láyé nígbà náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù. Netscape ń ta Navigator fún àwọn ilé iṣẹ́. Microsoft so tirẹ̀ mọ́ Windows, kò sì gba owó lé e lórí. Ẹni tí ó bá ti ra kọ̀ǹpútà ti bá Internet Explorer nínú rẹ̀. Kí ni yóò tún máa wá ti ẹlòmíràn kiri sí?

Ní ọjọ́ 18, oṣù karùn-ún, ọdún 1998, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti 20 nínú àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ náà gbé Microsoft lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé ó ń lo agbára Windows láti dínà mọ́ àwọn tí ó ń bá a du ọjà. Adájọ́ Thomas Penfield Jackson pàṣẹ ní oṣù kẹfà ọdún 2000 pé kí wọ́n pín ilé iṣẹ́ náà sí méjì. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé àṣẹ náà ní oṣù kẹfà ọdún 2001, ṣùgbọ́n ó fara mọ́ ọn pé Microsoft ti gba ọ̀nà tí kò bófin mu láti dá ọjà náà jẹ gàba. Kí ẹjọ́ tó dé ibẹ̀, omi ti tán lẹ́yìn ẹja Netscape. Ilé iṣẹ́ AOL ti rà á ní 1999.

Kí Netscape tó bọ́ sọ́wọ́ AOL, ó ṣe ohun kan tí ìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní oṣù kẹta ọdún 1998, ó ṣí àṣírí bí wọ́n ṣe kọ bùráúsà rẹ̀ payá fún gbogbo ayé, ó sì pe iṣẹ́ náà ní Mozilla, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìmọ̀ lè tún un ṣe. Irúgbìn tí ó sú sílẹ̀ nìyẹn. Ọdún bíi mẹ́fà ni ó gbà kí ó tó so.

Ọdún Márùn-ún Láìsí Àyẹ̀wò

Internet Explorer 6 jáde ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 2001. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó bá Windows XP wọ ọjà. Kò yẹ kí a bu ẹ̀tẹ́ lù ú ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọjọ́ tí ó jáde, ohun èlò gidi ni, kò sì rẹ̀yìn lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2003, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ń ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ó lé ní àádọ́rùn-ún tí ó ń lo Internet Explorer.

Ìṣẹ́gun yìí gan-an ni ó bí wàhálà. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń lé Microsoft mọ́, kò rí ìdí láti sáré. Àtúnṣe ààbò ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dà tuntun títí di oṣù kẹwàá ọdún 2006 tí Internet Explorer 7 dé. Babaláwo ń dífá ní ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún. Ọdún márùn-ún ni Microsoft fi jókòó.

Láàárín àsìkò náà, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé kò dúró sójú kan. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1994 ni Berners-Lee ti dá àjọ W3C sílẹ̀ kí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè jọ fohùn ṣọ̀kan lórí gírámà èdè náà. Àjọ yìí ni ó gbé ìlànà CSS jáde, tí a fi ń ṣe ojú-ewé lẹ́ṣọ̀ọ́, ẹ̀kíní ní 1996, èkejì ní 1998. Internet Explorer 6 gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ṣi òmíràn gbọ́, kò sì gbọ́ òmíràn rárá.

Bí ògbufọ̀ kan ṣoṣo bá wà ní ìlú, tí ó sì ń ṣi ọ̀rọ̀ tú, ohun méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀. Ìlú lè yọ ọ́ nípò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ wọn po kí àṣìtú rẹ̀ lè bọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́. Ọ̀nà kejì yìí ni aráyé tọ̀. Àwọn tí ó ń ṣe ojú-ewé ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kan ní ìlànà tí gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan lé, ẹ̀kan fún Internet Explorer 6. Àwọn mìíràn tilẹ̀ pa ti àkọ́kọ́ tì pátápátá. Bí àṣìṣe ṣe di òfin nìyẹn. Ẹni tí ó bá mú bùráúsà tí ó gbọ́ gírámà náà dáadáa wá ni yóò wá dà bí ẹni tí kò gbédè.

Ọ̀ràn yìí kan èdè Yorùbá náà. Àkójọ àmì ìkọ̀wé gbogbo àgbáyé tí à ń pè ní Unicode ní ẹ, ọ àti ṣ nínú, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ tàbí ọ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ní láti mú lẹ́tà alámì-ìsàlẹ̀, kí ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, onígun mẹ́rin òfìfo ni òǹkàwé ń rí, tàbí kí àmì ohùn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tí ó ń kọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì yọ àmì kúrò pátápátá. Kò sí olùkọ́ èdè tí kò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí ọmọ ogun ń jù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn dà lójú ewé.

Ẹnà Àwọn Ará Kòríà

Bí a bá fẹ́ rí bí ìlú odidi ṣe lè so ara rẹ̀ mọ́ òpó kan, Gúúsù Kòríà ni kí a wò. Ní àwọn ọdún 1990, òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ náà ta ẹnà tí ó le fún ilẹ̀ òkèèrè. Nínú àṣà Yorùbá, ẹnà ni ọ̀nà tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ dà kí ẹni tí kò kàn má baà gbọ́ ọ. Ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà ń ṣe sí àṣírí ẹni tí ó ń fi owó ránṣẹ́. Ẹnà tí Amẹ́ríkà ń jẹ́ kí ó jáde kò le. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè já a.

Àwọn ará Gúúsù Kòríà kò fẹ́ fi owó ìlú wọn sínú ewu bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe ẹnà tiwọn, tí wọ́n pè ní SEED, ní 1998. Ní 1999, wọ́n ṣe òfin ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà. Ìpinnu tí ó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n kò sí bùráúsà tí ó gbọ́ SEED. Nítorí náà, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà kan tí Microsoft ṣí sára Internet Explorer, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ActiveX, kọjá. Ẹnu ọ̀nà yìí máa ń jẹ́ kí ojú-ewé gbé ohun èlò mìíràn wọ inú kọ̀ǹpútà ẹni. Kò sí irú rẹ̀ lára bùráúsà mìíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, Amẹ́ríkà dẹ òfin ẹnà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Báńkì, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì ìjọba ti kọ́ ilé wọn sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo náà.

Ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ hàn gbangba ní 2014. Eré orí tẹlifíṣọ̀n Kòríà kan, My Love from the Star, gbajúmọ̀ ní Ṣáínà, àwọn òǹwòran ibẹ̀ sì fẹ́ ra irú ẹ̀wù tí òṣèrébìnrin inú rẹ̀ wọ̀. Wọ́n lówó lọ́wọ́, ọjà sì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ètò ìsanwó náà kò gbà wọ́n wọlé. Ààrẹ Park Geun-hye fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yìí ṣe àpẹẹrẹ nínú ìpàdé kan ní oṣù kẹta ọdún náà. Síbẹ̀, ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí òfin tuntun tó mú ipò pàtàkì tí ìwé ẹ̀rí ìbuwọ́lùwé àtijọ́ náà wà kúrò. Ohun tí wọ́n kọ́ láti dáàbò bo ara wọn ni ó sé wọn mọ́lé fún ogún ọdún.

Ewu Tí Ó Mú Aráyé Ta Jí

Ẹnu ọ̀nà tí àlejò rere ń gbà wọlé ni olè náà ń gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, àwọn ọ̀daràn fi àlàfo inú Internet Explorer kó ohun búburú sínú kọ̀ǹpútà ẹni tí kò ṣe ju kí ó ṣí ojú-ewé lọ. Àjọ US-CERT ti Amẹ́ríkà sọ ọ́ jáde pé lára ohun tí ènìyàn lè ṣe ni kí ó lo bùráúsà mìíràn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, irúgbìn Netscape so. Firefox 1.0 jáde ní ọjọ́ 9, láti inú iṣẹ́ Mozilla. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dá owó jọ, wọ́n sì fi polówó rẹ̀ sí ojú ewé méjì nínú ìwé ìròyìn New York Times ní oṣù kejìlá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, Google náà gbé Chrome jáde.

Èyí tí ó pabanbarì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2010. Ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, Google kéde pé àwọn kan ti wọlé jí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, Microsoft jẹ́wọ́ pé àlàfo inú Internet Explorer wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Àwọn àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ní Jámánì àti Faransé gba ará ìlú níyànjú pé kí wọ́n lo bùráúsà mìíràn títí àtúnṣe yóò fi jáde. Àtúnṣe náà dé ní ọjọ́ 21 oṣù náà.

Kí Ló Dé Tí Wọn Kò Tètè Kúrò?

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé bí ilé bá ń jò, kí ló dé tí onílé kò kó jáde? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́, kì í sì í ṣe àìmọ̀kan nìkan. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti náwó láti ṣe ètò ìsanwó oṣù, ètò ìkówèépamọ́ àti ètò ìforúkọsílẹ̀ tí kò lè ṣiṣẹ́ lórí ohun mìíràn. Láti pààrọ̀ bùráúsà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ní Bìrìtéènì, ó lé ní 6,000 ènìyàn tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ ní 2010 pé kí ìjọba pa Internet Explorer 6 tì. Ìjọba fèsì pé iṣẹ́ ńlá ni láti pààrọ̀ bùráúsà ní gbogbo ọ́fíìsì, nítorí gbogbo ètò tí ó rọ̀ mọ́ ọn ni wọ́n ní láti dán wò, àti pé ó lè ná ará ìlú lówó púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a kò san lónìí ń dúró de ọ̀la. Nígbà tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows XP dúró ní ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, ọdún 2014, ìjọba yìí kan náà san 5.5 mílíọ̀nù pọ́n-ún kí Microsoft lè máa bá a tọ́jú XP àti àwọn ètò àtijọ́ mìíràn fún ọdún kan sí i. Owó yìí kò ra ohun tuntun kankan. Ó ra àkókò.

Ní Ṣáínà, ìdí mìíràn wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń lo ẹ̀dà Windows XP tí wọn kò rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí Microsoft ka iye àwọn tí ó kù sórí Internet Explorer 6 ní oṣù kejì ọdún 2011, ìdá 12 nínú 100 ni gbogbo ayé. Ní Ṣáínà, ó lé ní 34 nínú 100.

Bí Ó Ṣe Di Ohun Ìgbàgbé

Ní oṣù kejì ọdún 2009, àwọn ìkànnì ńlá ní Nọ́wè parapọ̀ láti máa kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fi Internet Explorer 6 wọlé. Ní oṣù keje ọdún náà, YouTube gbé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ síta. Ọ̀kan lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ròyìn ní 2019 pé àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ díẹ̀ ni ó ṣe é láìgba àṣẹ ọ̀gá, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì náà ti sú wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, YouTube àti àwọn ètò ìkọ̀wé Google kọ ẹ̀yìn sí i. Ní oṣù náà, ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Denver ṣe ìsìnkú ẹ̀fẹ̀ fún Internet Explorer 6, Microsoft sì fi òdòdó ránṣẹ́. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, Microsoft fúnra rẹ̀ ṣí ìkànnì kan tí ó ń rọ aráyé pé kí wọ́n kúrò lórí ohun tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Lórí gbogbo ẹ̀dà Internet Explorer pátá, ilẹ̀kùn tì ní ọjọ́ 15, oṣù kẹfà, ọdún 2022, nígbà tí ìtọ́jú ẹ̀dà 11 parí lórí ọ̀pọ̀ Windows 10. Síbẹ̀, Microsoft ní láti fi àyè ìlò rẹ̀ pamọ́ sínú Edge, bùráúsà tuntun rẹ̀, títí di ọdún 2029 ó kéré tán, nítorí àwọn tí kò tíì rí ọ̀nà jáde.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ju ti bùráúsà lọ. Àkọ́kọ́, kì í ṣe pé Internet Explorer 6 burú ni ó fi ṣòro láti fi sílẹ̀. Pé òun nìkan ni ó wà ni. Ìkejì, ohun tí ó tú aráyé sílẹ̀ kì í ṣe ilé ẹjọ́ nìkan, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Gírámà tí gbogbo ènìyàn jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, tí kò sí ní ìkáwọ́ ẹnì kan, ni ó jẹ́ kí Firefox àti Chrome lè wọlé. Ìlú tí ó bá ní gírámà lè pààrọ̀ ògbufọ̀. Ìlú tí kò bá ní ju ògbufọ̀ lọ, ẹrú ògbufọ̀ ni.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi tíì tán. Láti oṣù kìíní ọdún 2020, Edge náà ti ń lo Chromium, iṣẹ́ tí Google fi ṣe ìpìlẹ̀ Chrome. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ń ṣí ojú-ewé, ó lé ní ọgọ́ta tí ó ń lo Chrome. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, adájọ́ Amit Mehta ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé Google lo ọ̀nà tí kò bófin mu láti dá ọjà ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ gàba. Ìjọba bẹ̀bẹ̀ pé kí ó pàṣẹ kí Google ta Chrome. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, adájọ́ náà kọ̀. Chrome kò tíì jókòó bí Internet Explorer 6 ti jókòó. Ẹ̀dà rẹ̀ tuntun ń jáde lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ojú-ewé tí wọ́n dán wò lórí Chrome nìkan ti ń pọ̀ sí i, bí a sì ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́sí náà nìyẹn.

Ilé ìwé tí ó bá ń ra ètò kọ̀ǹpútà tuntun lónìí ní ìbéèrè kan láti bi ẹni tí ó ń tà á, kí ó tó bèèrè iye owó: bí a bá fẹ́ kúrò lórí rẹ̀ lọ́la, ọ̀nà wo ni a ó gbà jáde? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.